Iṣu Tí Fúnmi Gbé Lọ sí Bárékè

Ìyá mi, ọkàn mi ò balẹ̀. Fúnmi, ọmọ-ọmọ yín tó ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà, ń retí máàkì rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ fìdí rẹmi, kó sì jẹ́ pé èmi bàbá rẹ̀ ni mo fà á.

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìrọ́jú. Mo kí Bùọ̀dá Táíwò àti gbogbo ará Ìlaròó. Òjò ò jẹ́ ká rímú mí ní Okokomáíkò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rédíò tí mò ń tún ṣe l'Álàbá ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá iṣu bíbó nínú abọ́ omi, wọ́n ti gbẹ́ ihò sáàárín wọn. Mo rò pé àárẹ̀ ni ò jẹ́ kí ọmọ náà sè é, ni mo bá gbé e ka sítóòfù. Bó ṣe ti balùwẹ̀ jáde, ó ní Dádì ti pa iṣu òun. Mo ní ṣé iṣu náà ń kú ni? Ẹyọ kan péré tí kò gba inú ìkòkò ló kù ní tútù.

Ó kó tútù àti sísè lọ síléèwé inú bárékè Ọ̀jọ́, níbi tí obìnrin ọ̀gá wọn ti fẹ́ wo bó ṣe ń kọ́ni, kó sì fún un ní máàkì. Èmi ni mo bá a gbé abọ́. Sójà ẹnu géètì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ṣé Bàbá ti di olóúnjẹ iléèwé ni.

Mo dúró létí fèrèsé. Ó bu ṣúgà sínú ihò tútù àti ti sísè kan, ó gbé méjèèjì sínú omi. Nígbà tó yá, Ìyá mi, omi ti kún inú ihò iṣu tútù, bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan ò bu omi sí i. Ti sísè ò gòkè rárá. Fúnmi ní iṣu kún fún yàrá wẹ́wẹ́ tójú ò lè rí, sẹ́ẹ̀lì lórúkọ wọn, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sì bo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi ń gba ara awọ yẹn láti ibi tí omi ti pọ̀ lọ síbi tí ṣúgà ti pọ̀, ṣúgà ni ò rọrùn fún láti kọjá. Iná ti ba awọ ti sísè jẹ́, ó ti kú lóòótọ́. Ó ní bákan náà ni atẹ́gùn ṣe ń ti ẹ̀dọ̀fóró wọ inú ẹ̀jẹ̀ wa, tí èyí tí ara ò fẹ́ sì ń jáde. Látọjọ́ tí ẹ ti bí mi ni mo ti ń mí, mi ò mọ̀.

Ọ̀gá náà bi í pé ta ló ní kó gbé sísè sẹ́gbẹ̀ẹ́ tútù. Fúnmi ní bàbá òun ló ṣèèṣì sè é. Gbogbo kíláàsì yíjú sí fèrèsé. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan sílẹ̀, kò sọ ohun tó kọ.

Ẹ bá wa bẹ Olúwa. Á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹ èrè ọmọ. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Bùọ̀dá bá yín tètè kọ̀wé, kí n rí ọ̀rọ̀ yín kà kí máàkì yẹn tó jáde.

Ọmọ yín,
Délé