Àmín Tí Mo Ṣe Lórí Ohun Tí Kì Í Ṣe Tèmi

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ìfẹ́sowápọ̀,
Ìgbògbò, Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin, ọdún 2025.

Tàófíìkì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n láti kékeré,

Báwo ni òtútù ilẹ̀ yẹn? Ṣé ó ti ń dẹwọ́ díẹ̀? Rùkáyàt ìyàwó wa ńkọ́, ṣé iṣẹ́ alẹ́ kò pọ̀ jù fún un? Zàíd àti Sọ̀fíyàt, àwọn ọmọ mi, ṣé wọ́n ń jẹun dáadáa, ṣé wọ́n sì ń gbọ́ Yorùbá tí Alhaja ìyá rẹ ń bá wọn sọ lórí fóònù? Mo lọ kí Alhaja ní ọjọ́ Jímọ̀. Ara wọn le. Wọ́n ń fi ìka ka ọjọ́ tí ẹ máa dé fún Iléyá, wọ́n sì ní kí n sọ fún ọ pé kí o má ra bàtà kankan fún àwọn mọ́. Ní tiwa, a dúpẹ́. Morádéyọ̀ wà dáadáa, Títílọpẹ́ ọmọ wa ti ga tó èjìká ìyá rẹ̀.

Má bi mí pé ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé tí a wà yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbé fóònù láti gba ohùn mi sílẹ̀ fún ọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pa á rẹ́. Ojú ń tì mí. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa ń bọ̀ lọ́hùn-ún lọ́sẹ̀ yìí, òun ni mo fi ìwé yìí rán.

Kámpà rẹ ti bàjẹ́. Ẹ̀bi mi ni. Àpótí orí táyà méjì tí o fi ọkọ̀ òkun ránṣẹ́, tí à ń yí ọwọ́ irin rẹ̀ kí òrùlé tó gòkè, tí ibùsùn á sì yọ síta lọ́tùn-ún lósì lábẹ́ aṣọ, èyí tí o ṣèlérí fún àwọn ọmọ rẹ pé inú rẹ̀ ni wọ́n máa sùn létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ nígbà Iléyá, ó ti dojú dé. O ní kí n máa ṣí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù kí aṣọ rẹ̀ lè gba afẹ́fẹ́. Ó ti gba afẹ́fẹ́.

Jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe jẹ́. Ní oṣù kejì, mo ṣí i nínú ọgbà wa gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí. Ọ̀gbẹ́ni Adéòjó ń kọjá lọ. Ọ̀gá mi ni wọ́n níbi iṣẹ́, ilé méjì péré ló wà láàárín wa, ọkọ̀ ojú omi kan náà ni a jọ ń wọ̀ ní Èbúté láràárọ̀. Wọ́n dúró lẹ́nu géètì, wọ́n ya ẹnu.

"Fọlọ́runṣọ́! Ó ti di báyìí? O kú oríire o! Ẹ̀mí rẹ á lò ó."

Mo ní, "Àmín, sà."

Tàófíìkì, n kò sọ pé tèmi ni. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi láti ọjọ́ yẹn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ní í ṣe àmín sí àdúrà ẹni ẹlẹ́ni? Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, gbogbo inú ọkọ̀ ti gbọ́. Wọ́n ń pè mí ní Ọ̀gá Afẹ́. Ó sì dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́ fún ọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà lórí àga kan náà ní ọ́fíìsì yẹn, kò sí ẹni tó ń yíjú wò mí. Morádéyọ̀ kìlọ̀ fún mi pé ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Mo ní kó fi mí sílẹ̀.

Bí ọdún Àjíǹde ṣe ń bọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adéòjó bi mí bóyá àwọn àti ìyàwó wọn lè bá wa lo ọjọ́ kan nínú ilé orí táyà mi. Mo ní kí ló dé tí kò fi ní ṣeé ṣe. Bí mo ṣe so nǹkan rẹ mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò ní Sátidé nìyẹn, ó di Ẹ̀pẹ́.

Ilẹ̀ ìdílé apẹja kan ni a dé sí, etí ọ̀sà gan-an. Bàbá Fàsásì ni orúkọ baálé wọn, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n jókòó ti àwọ̀n tí wọ́n ń tún ṣe. Wọ́n fún wa láyè tìfẹ́tìfẹ́. Àwọn náà wo kámpà, wọ́n ní ẹ̀mí mi á lò ó. Mo tún ṣe àmín. Ó tilẹ̀ rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bàbá ní kí n gbé e sẹ́yìn ahéré tí wọ́n ti ń yan ẹja, nítorí pé ìjì oṣù yìí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọ̀gá mi máa wo omi láti orí ibùsùn. Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Àwọn tó ṣe é mọ̀ nípa afẹ́fẹ́." Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n padà sídìí àwọ̀n wọn.

Aago mẹ́rin kò tíì lù tí ojú ọ̀run fi dúdú lápá ọ̀sà. Àwo oúnjẹ wa ló kọ́kọ́ fò. Morádéyọ̀ fa Títílọpẹ́ jáde, Ìyáàfin Adéòjó tẹ̀ lé wọn. Mo sáré sí ọwọ́ irin láti sọ òrùlé kalẹ̀, kò lọ, afẹ́fẹ́ ti kún inú aṣọ, ó wú bí bọ́ọ̀lù. Bàbá Fàsásì àti apẹja méjì sáré dé, a jọ dì í mú, síbẹ̀ táyà kan ti ń kúrò nílẹ̀. Bàbá yọ ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé okùn àwọ̀n.

"Jẹ́ ká la aṣọ yìí kí afẹ́fẹ́ rọ́nà jáde! Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ń lọ nìyẹn! Ìwọ lo ni ín, sọ̀rọ̀!"

Ìwọ lo ni ín. Ọ̀gbẹ́ni Adéòjó dúró lẹ́yìn mi. Bí mo bá ní kí wọ́n là á, màá rí ojú rẹ ní Iléyá. Bí mo bá ní kì í ṣe tèmi, ojú ọ̀gá mi ni màá rí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo kígbe pé, "Ẹ má là á, Bàbá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má là á!"

Bàbá wò mí. Wọ́n ti ọ̀bẹ bọ àpò, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì di igun irin mú fún mi.

Ìjì kan péré ló tún fẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó gbé gbogbo rẹ̀ sókè, ó dà á délẹ̀. Àwọn apẹja méjì yẹn fò sẹ́yìn. Bàbá kò yára tó wọn, irin ibùsùn sì bọ́ lé wọn lápá ọ̀tún. Apá náà kán.

Nínú òjò yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Adéòjó ti bi mí pé, "Fọlọ́runṣọ́, nítorí aṣọ?" Morádéyọ̀ ló fèsì: "Ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe tiẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lókè òkun ló ní kó bá òun tọ́jú ẹ̀. Ẹ̀rù ẹni tó ni ín ló ń bà á." Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, wọ́n ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Èmi ni adìyẹ náà. A sáré gbé Bàbá lọ sí ọsibítù. Ní Èbúté báyìí, ọ̀gá mi ń dá mi lóhùn bí mo bá kí wọn, wọ́n á sì lọ jókòó síbòmíràn.

Ìyàwó mi fẹ́ gbà mí sílẹ̀ ni, mo sì fi àwáwí rẹ̀ bojú fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Má gbà á gbọ́. Kì í ṣe nítorí tìrẹ ni mo fi kọ̀, nítorí irọ́ mi ni. Ká ní mo ti sọ òótọ́ níwájú géètì mi, inú ọgbà wa ni kámpà rẹ ì bá wà dòní, Bàbá ì bá sì máa fi ọwọ́ méjèèjì tún àwọ̀n wọn ṣe. Wẹ́dà kan ní àdúgbò Agric ní irin rẹ̀ ṣeé tọ́, ṣùgbọ́n òrùlé ti là sí méjì. Ohunkóhun tí o bá ní kí n ṣe nígbà tí o bá dé, màá ṣe é. N kò tíì sọ fún Alhaja, ìwọ ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́.

Bá mi kí Rùkáyàt. Bẹ àwọn ọmọ fún mi, pàápàá Zàíd tó ti ń ya àwòrán kámpà náà ránṣẹ́ sí mi. Morádéyọ̀ àti Títílọpẹ́ ń kí yín gidigidi.

Ó ku iṣẹ́ kan tí wọ́n rán mi. Lánàá, mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá Fàsásì láti jẹ́wọ́. Wọ́n ní kí n dìde, ìyàwó mi ti sọ fún àwọn ní ọsibítù. Wọ́n bi mí bóyá ẹni tó ni ín ti gbọ́. Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Tóo bá ń sọ fún un, sọ pé a ò fi ọ̀bẹ kan aṣọ rẹ̀ o. Kó má rò pé a fi ohun arìnrìn-àjò ṣeré." Wọ́n wá gbé ọwọ́ kan tó kù sókè, wọ́n ní Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò fún ọ, ẹ̀mí rẹ á sì lò ó. Wọ́n ń wo ẹnu mi, n kò ṣe àmín. Tàófíìkì, tìrẹ ni àdúrà yẹn. Mo kọ ọ́ síbí bí wọ́n ṣe ṣe é, kí o lè fi ẹnu ara rẹ ṣe àmín.

Èmi ni tìrẹ, bí o bá ṣì ń fẹ́ mi bẹ́ẹ̀,

Fọlọ́runṣọ́.