Òòlù Tó Kan Ọ̀rọ̀ Mi Mọ́lẹ̀

Àkọ́bí mi, ṣé iṣẹ́ ò pa ọ́ lára? Ibi tí ẹlòmíì ti ń yọ̀ ṣubú, ẹsẹ̀ tìrẹ á ranlẹ̀. Àbúrò rẹ obìnrin ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ó sì ti fajú ro.

(Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dá ìyá wa lóhùn. Bí ojú mi ṣe rí nìyẹn láti ìgbà tí afárá ti wó, tí mi ò lè sọdá lọ síléèwé mọ́.)

Ewúrẹ́ dúdú ti bí méjì, òrùlé ilé ìdáná ò jò mọ́, ṣùgbọ́n ara mi ò balẹ̀, mo máa jókòó, mo máa dìde, bí ẹni tó gbé nǹkan kaná tó tún jáde lọ, láti ìgbà tí ẹgbẹ́ obìnrin wa ti lọ wo ilé àwọn aṣòfin.

Lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, wọ́n ní kí n gba inú férémù ilẹ̀kùn kan tó dá dúró láìní ògiri. Bí mo ṣe ń kọjá ló ké. Mo ní, pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀ṣọ́ ní ẹ̀rọ náà máa ń rí ohun tó wà lára èèyàn, ni mo bá padà lọ dúró sí i, mo ní kó bá mi wo orúnkún ọ̀tún. (Èrò tò sẹ́yìn wa dé títì. Mo ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ wọ́n rí.)

Wọ́n mú wa lọ sókè, wọ́n ní ká máa wò, ká má sọ̀rọ̀. Nísàlẹ̀, àga pọ̀ ju èèyàn lọ. Àga ẹni tí àwa dìbò fún, òfìfo ni. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí, ẹnì kankan ò dárúkọ afárá wa. Ni àgbà tó mú òòlù lọ́wọ́ bá ní ṣé kí àwọn tú ká, ṣé ẹnikẹ́ni lòdì sí i. Gbogbo wọn dákẹ́! Ta ló kọ́ wọn? Àgbà kì í béèrè ọ̀rọ̀ kí ilé pa lọ́lọ́. Mo bá wọn dáhùn, mo ní èmi lòdì sí i o, bàbá, ẹ ò tíì sọ ti afárá. Gbogbo wọn gbójú sókè. Ẹ̀ṣọ́ ń sáré bọ̀, ṣùgbọ́n bàbá náà wò mí, ó sì lu òòlù náà mọ́lẹ̀, gbà!

Èmi ìyàwó kápẹ́ńtà, ta ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ òòlù? Bàbá rẹ kì í lu nǹkan lásán. Tó bá ti lù ú, ó ti kàn án nìyẹn, kò ní mì mọ́. Wọ́n ti kan ọ̀rọ̀ mi mọ́lẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń lọ sétí odò láràárọ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bọ̀ wá tún afárá ṣe má baà dé kí wọ́n má bá èèyàn. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra oúnjẹ dè wọ́n. Bàbá rẹ ní kí n sinmi, mo ní kó lọ pọ́n ayùn rẹ̀.

Ọlọ́run á kan ire tìrẹ mọ́ ọ lọ́wọ́, kò ní tú. Èmi ni, ìyá rẹ.

(Ẹ̀gbọ́n mi, òòlù yẹn, wọ́n fi tú ká ni. Mo mọ̀, mo wà níbẹ̀, mi ò kàn lè sọ fún wọn. Láàárọ̀ yìí mo ní mi ò bá wọn lọ sódò mọ́, ìsọkúsọ ni. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo fọ aṣọ iléèwé mi, mo sì sá a síbi tí mo ti lè máa wo odò.)