Orúkọ Afínjú Lórí Sáfà

                                        Yàrá Ẹ̀rọ,
                                        Àjà Kejì, Ilé Ìwòsàn.
                                        Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le? Ìyàwó ńkọ́? Bàbá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti gbà kí wọ́n gun àtẹ̀gùn? Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọ lọ sí ẹ̀ka kejì, kò sẹ́ni tó ń jí bírò mi mọ́. Èmi ò ṣàìsàn, n kò sì sàn. Mò ń jẹ, mò ń sùn, ara mi kàn kú bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé.

Ó pé ọ̀sẹ̀ méjì lánàá tá a sin Afínjú, ẹnì kẹta wa nídìí sáfà, ẹ̀rọ ńlá tó ń kó fáìlì ilé ìwòsàn pamọ́. N kò tíì sunkún. Lánàá náà ni ọ̀gá ní òfin lòfin, kí n ti orúkọ tó fi ń wọlé pa lórí ẹ̀rọ. Mo tì í pa, mo lọ sílé.

Láàárọ̀ yìí, kọ̀ǹpútà kankan ò rí fáìlì aláìsàn mọ́. Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá, ara ọmọ ń gbóná, oògùn kan sì wà tí kò bá a lára mu, ìyá ò rántí orúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ò lè fún un ní nǹkan kan láìrí fáìlì. Mo wo sáfà, kò kú. Mo wo ògiri ààbò tó ń dènà àjèjì lórí ẹ̀rọ, kò dínà. Linux tó ń darí sáfà kì í kúkú purọ́, mo bá ṣí ibi tó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí. Ìlà kan náà ló kún ibẹ̀: A kò gba Afínjú láyè láti wọlé.

Àṣé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Orúkọ ara rẹ̀ ló fi so gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn mọ́ àkójọ fáìlì, lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn tá à ń kánjú. Afínjú kan náà tó ń bá wa jà torí ife tá ò fọ̀.

Ọ̀gá ní, "Dá a padà ná. Àwọn èèyàn ń dúró."

Mo dá a padà. Wọ́n rí fáìlì, ọmọ gba oògùn. Ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ẹ̀rọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú pé Afínjú ti wọlé. Mo jókòó tì í, mò ń kà á, oúnjẹ ọ̀sán mi tutù.

Mo ti ṣe orúkọ tuntun, mo sì ti kó àwọn kọ̀ǹpútà sábẹ́ rẹ̀, àfi èyí tó wà lórí tábìlì Afínjú fúnra rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀gá ní kí orúkọ rẹ̀ parẹ́ pátápátá. Ìwọ náà ní àṣẹ láti wọlé láti ọ̀hún. Jọ̀wọ́, bá mi pa á rẹ́, má sì sọ àsìkò fún mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tì í pa, n kò mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo ti wá mọ̀ báyìí.

Bá mi kí ìyàwó, kí o sì dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá fún mi.

Èmi ni, ẹnì kejì rẹ tó kù,
Onísùúrù.