Èsì Àyẹ̀wò Ojú Mi Lábẹ́ Ìborùn Màámi

Àmì dúdú mẹ́ta tó ń fò kiri nínú ojú òsì mi, àti èsì àyẹ̀wò ojú mi lábẹ́ ìborùn màámi: ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nìyẹn, olóòtú wa. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Oṣù méjì sẹ́yìn ni màámi bá mi gba èsì náà, tí wọ́n ní kò síṣòro. Irọ́! Dókítà kọ ọ́ pé àtọ̀gbẹ ń ba ojú mi jẹ́, kí n tètè padà.

“Jẹ́ ká so yìgì ná,” ni màámi wí nígbà tí mo bi wọ́n. “Ta ló máa fẹ́ afọ́jú ní Ẹ̀pẹ́?”

Ṣé ojú wọn ni? Ọ̀la ni mo ń lọ sílé ìwòsàn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n sọ fún àfẹ́sọ́nà mi kí yìgì Sátidé tó dé? Mi ò bá màámi sọ̀rọ̀ mọ́ látìgbà náà. Ìbínú ò jẹ́ kí n sinmi; aago méjì ọ̀sán ni mo tó lè dùbúlẹ̀.