Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́ Ọlọ́dún Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n

Tuda ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Kasabiláńkà, ṣé iṣẹ́ aránṣọ ń lọ? Abẹ́rẹ́ máṣínì ò ní gún ọ lọ́wọ́. Igi ápù wa ti tanná, ara ìyá rẹ sì le.

Irọ́ ló pa fún ọ lórí fóònù ní Jímọ̀ tó kọjá pé mo lọ síbi ìgbéyàwó. Èmi ni mo fi irọ́ ọ̀hún sí i lẹ́nu. Orí ẹní ni mo wà, ìdí ń ro mí, ọgbọ́n àgbọ́njù ló sì fà á.

O mọ̀ pé fóònù kì í rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àfi lórí òkè, àti pé kẹ̀kẹ́ tó o fi ránṣẹ́ ni mo fi ń gùn ún ní gbogbo Jímọ̀ lọ gbọ́ ohùn rẹ. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ mọ́ òkúta. Mo lọ bá Basu tó ń ta irin àlòkù lọ́jà. Méjì ló ní, ọ̀kan kọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sára, èkejì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mo rò pé ọjọ́ orí ẹni tó máa gùn ún ni. Mo bi í bóyá ó ní ti ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ó ní ìyẹn ò tíì dé. Mo bá mú èyí tó sún mọ́ àgbà. Basu ní bí ẹsẹ̀ ṣe tóbi tó ni, pé èyí yóò ga ju ti iwájú lọ. Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́, èmi tí mo da ìbaaka fún ogójì ọdún, ṣé mi ò mọ̀ pé ìdí tó bá ga ni kì í jẹ́ kí ẹrù yọ̀ sẹ́yìn lórí òkè? Ó wọlé lóòótọ́, àmọ́ bíréèkì ẹ̀yìn ò kàn án mọ́. Mo tú bíréèkì dànù. Ta ló ń fi bíréèkì gun òkè?

Àlọ dùn, o rántí bí mo ṣe ń yangàn sí ọ létí lórí fóònù ní Jímọ̀ tó ṣáájú ìyẹn. Àbọ̀ ni mi ò rò. Mo dojú kọ ìsàlẹ̀, mo fún bíréèkì iwájú, kẹ̀kẹ́ dúró, èmi ò dúró. Àárín àwọn obìnrin tó ń fọ irun àgùntàn létí odò ni mo balẹ̀ sí. Wọ́n kí mi káàbọ̀ kí wọ́n tó gbé mi.

Ẹ̀rù wá ń bà mí pé o máa pè, kò ní sẹ́ni tó máa gbé e. Ìyá rẹ ní òun máa lọ. Mo ní ọ̀nà náà le jù fún obìnrin. Ó ní, "Bàbá Tuda, níbo lẹ rò pé mo ti ń ru igi ìdáná wálé láti ọjọ́ yìí?"

Ó pẹ́ kó tó dé. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló wọlé. Mo bi í pé kí lẹ sọ, ó ní ọ̀rọ̀ ìyá àtọmọ ni. Tuda, ọdún méjì ni mo ti ń sọ̀kalẹ̀ wá sọ fún un pé, "Tuda ní kí n kí ọ," tí mo sì rò pé ó tó o. Ojú tì mí gan-an.

Nítorí náà, má fowó ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ránṣẹ́. Owó bàtà ìyá rẹ ni kó o fi ránṣẹ́, bàtà tó lè di òkúta mú. Òun ni yóò máa lọ, èmi yóò máa se tíì dè é.

Ọlọ́run á fún ọ ní ọmọ tí yóò máa pè ọ́, á sì fún ọ ní ọkọ tó gbọ́n ju bàbá rẹ lọ.

Èmi ni,
Haddu, bàbá rẹ.