Surajudeen, Ọ̀nà Yangí Náà Ṣì Wà Láìsí Mọ́tò

Ọdún márùn-ún rèé, Surajudeen! Ọdún márùn-ún rèé tí o jáde nílé wa ní Agbowó láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí o gun kẹ̀kẹ́ rẹ lọ síbi iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ring Road, tí o kò sì padà wálé mọ́. Nítòsí Challenge ni mọ́tò akẹ́rù kan ti gbá ọ láti ẹ̀yìn. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní o ò tilẹ̀ ráyè bojú wẹ̀yìn. Dẹ́rẹ́bà yẹn ò dúró. Títí di òní, lọ́dún 1997 yìí, àwa ẹbí rẹ ò mọ orúkọ rẹ̀.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ilé wa dà bí ilé tí ìjì ṣí lórí. Bàbá rẹ, Bùsàrí onípákó tí gbogbo Bódìjà mọ̀ sí aláwàdà, kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́. Zùwáírátù ìyá rẹ á bu oúnjẹ sínú abọ́ rẹ, á tún dà á padà sínú ìkòkò. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ. Orúkọ rẹ wúwo ju ohun tí ẹnu wa lè gbé lọ.

Kẹ̀kẹ́ kan ṣẹ́ kù nílé, èyí tí o rà fún Safiyyah, àbúrò rẹ kan ṣoṣo. Ìwọ lo kọ́ ọ ní gígùn lórí pápá ilé-ìwé, tí ò ń di ìjókòó mú, tí ò ń sáré tẹ̀lé e títí òógùn fi bò ọ́. Ọjọ́ tí a sin ọ́ ni bàbá rẹ ti kẹ̀kẹ́ náà mọ́ inú ìsọ̀ pákó rẹ̀.

Ó ní, "Kò sí ọmọ mi tí yóò tún gun nǹkan yìí láyé. Ó ti pa ọ̀kan ná."

Safiyyah kò jẹ́ kó tutù. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kẹ̀kẹ́ kọ́ ló pa Bọ̀ọ̀dá mi. Mọ́tò ni."

"Ta ló wá lè lé mọ́tò kúrò lójú títì? Ṣé ìwọ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Safiyyah létí, kò sì jáde. O mọ àbúrò rẹ! Bó bá ti pinnu nǹkan, kì í wo ẹ̀yìn mọ́. Ó ní bí kò bá sẹ́ni tó lè lé mọ́tò kúrò lọ́nà, òun á wá ọ̀nà tí mọ́tò kò mọ̀. Láti ìgbà náà, bí ọjọ́ Àbámẹ́ta bá ti mọ́, ó ti fẹsẹ̀ rìn jáde nìyẹn. Ó bi àwọn tó ń ru igi ìdáná wọ̀lú léèrè. Ó bi àwọn àgbẹ̀ tó ń kó gbágùúdá bọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n júwe fún un pọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti dé ibẹ̀, á gbọ́ fèrè mọ́tò, á sì yí padà.

Ìgbà tí òjò ọdún kejì dá ló tó rí i. Lẹ́yìn Ẹlẹ́yẹlé lọ́hùn-ún, ní àfonífojì tí odò Ọ̀nà ń ṣàn gbà, ọ̀nà yangí kan wà tí àwọn agégẹdú là láyé àtijọ́. Àgbàrá ti wó afárá ẹnu rẹ̀ tipẹ́. Igi ńlá méjì ni àwọn ará Abà Ọlọ́pẹ tẹ́ síbẹ̀ tí wọ́n ń gbà kọjá. Ènìyàn ń gbà á, ewúrẹ́ ń gbà á, mọ́tò ò lè dé ibẹ̀. Ọ̀nà náà pupa fòò, òkúta wẹ́wẹ́ ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀. Yóò gun òkè, yóò já sí etí omi, yóò tún gun òkè mìíràn láàárín igi tíìkì. Safiyyah dúró lójú ọ̀nà yẹn, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá rẹ kò fẹ́ gbọ́ ọ. Safiyyah ò sì simi. Bó bá gbé oúnjẹ fún un, á ní, "Bàbá, ẹ kàn wá wò ó." Bó bá pọn omi ìwẹ̀ fún un, á ní, "Ẹ kàn wá wò ó." Nígbà tó yá, ìyá rẹ dá sí i.

Ó ní, "Bàbá Sùrá, ẹ bá ọmọ yìí lọ. Bí ibẹ̀ ò bá dáa, ẹ ó sọ fún un pé kò dáa, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀."

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, bàbá rẹ dé fìlà. Ó ní, "Níbo ló wà? Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Surajudeen, ẹsẹ̀ ni bàbá rẹ fi rin ọ̀nà yẹn já! Ní gbogbo kọ̀rọ̀, á dúró, á dẹ etí. Omi ló ń gbọ́, àti àdàbà, àti àáké ẹnì kan tó ń la igi lọ́nà jíjìn. Kò gbọ́ mọ́tò kankan. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè tó ga jù, èyí tí àwọn ará abà ń pè ní Amúnimí, ó jókòó sórí òkúta, ó ṣí fìlà. Ó wo àfonífojì náà títí.

Ó wá sọ wẹ́rẹ́ pé, "Surajudeen ìbá fẹ́ràn ibí yìí."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orúkọ rẹ máa jáde lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti sin ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ṣí ìsọ̀ pákó, ó gbé kẹ̀kẹ́ jáde, ó ní kí wọ́n lọ pààrọ̀ táyà àti ṣéènì rẹ̀.

Amúnimí fìyà jẹ àbúrò rẹ! Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, táyà ń yọ̀ lórí òkúta, ó ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó. Ó padà lọ. Ó tún ṣubú, ó tún padà lọ. Ọjọ́ tó gun ún dókè láìsọ̀kalẹ̀, ariwo tó pa, àwọn ará abà rò pé ejò ló rí. Láìpẹ́, Mùtíátù ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tí epo mọ́tò wá di ọ̀wọ́n gógó, tí àwọn èèyàn ń gbé kẹ̀kẹ́ àtijọ́ jáde, òṣìṣẹ́ dé, akẹ́kọ̀ọ́ dé. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọn a gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká kọjá lórí igi méjì yẹn, wọn a sì forí lé òkè.

Lọ́dún tó kọjá ni wàhálà dé. Oníyanrìn kan tẹ́ pákó sórí afárá tó wó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi típà kó yanrìn odò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, típà já wálẹ̀ láti orí Amúnimí bí àwọn Safiyyah ṣe ń gùn ún bọ̀. Wọ́n fò sínú igbó. Mùtíátù ṣubú, apá rẹ̀ kán. Safiyyah délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wa. Gbogbo wa ń wo ojú bàbá rẹ. A rò pé yóò tún ti kẹ̀kẹ́ mọ́lé ni.

Fìlà ló dé! Ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ Abà Ọlọ́pẹ ló lọ tààrà, Safiyyah sì tẹ̀ lé e. Wọ́n ránṣẹ́ pe oníyanrìn.

Ọkùnrin náà fara ya, ó ní, "Títorí àwọn tó ń ṣeré lórí kẹ̀kẹ́ lẹ ṣe pè mí? Ọ̀nà kì í ṣe ti bàbá ẹnikẹ́ni!"

Bàbá rẹ ò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ọmọ méjì ni mo bí. Mọ́tò ti mú ọ̀kan. Mi ò ní èyí tí mo fẹ́ yọ̀ǹda fún un mọ́."

Baálẹ̀ wá ní ewúrẹ́ àwọn kò gbádùn láti ìgbà tí típà ti dé, ẹ̀rù sì ń ba àwọn láti rán ọmọdé lọ pọnmi. Ó ní kí oníyanrìn gba òdì kejì odò, níbi tí mọ́tò ti ń gbà tẹ́lẹ̀, kó sì fi ọ̀nà òkè sílẹ̀.

Bàbá rẹ kò dúró kí ọ̀rọ̀ tutù. Ó kó òpó tíìkì láti ìsọ̀ rẹ̀, òun àti Safiyyah pẹ̀lú àwọn ará abà gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rì wọ́n mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n tí ènìyàn àti kẹ̀kẹ́ lè gbà. Bí ilẹ̀ ti mọ́, típà dé. Ó ń kùn, ó ń tú èéfín. Safiyyah dúró sáàárín òpó méjì, kò mì. Bàbá rẹ dúró tì í. Dẹ́rẹ́bà wò wọ́n, ó wò wọ́n, ó sì fi ẹ̀yìn rìn padà. Kò wá mọ́ láti ọjọ́ náà.

Surajudeen, ilé kékeré tí bàbá rẹ ń kọ́ lọ́wọ́, tó dá dúró nígbà tí o lọ, ti parí. A ti kùn ún. Safiyyah ti di tíṣà ní Bódìjà. Apá Mùtíátù ti jiná. Ìyá rẹ ti ń kọrin nídìí ààrò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Láàárọ̀ yìí, a pe àlùfáà tuntun tó kó wá sí àdúgbò kó wá ṣe àdúrà fún ọ. Ó fẹ́ mọ iye ọmọ tó wà nílé, kó lè dárúkọ wọn.

Bàbá rẹ dáhùn kíá, "Méjì ni. Surajudeen àti Safiyyah."

Àlùfáà ò mọ ìdí tí a fi kà ọ́ mọ́ wọn. Àwa mọ̀. Méjì ni yín, ọmọ wa. Ikú ò lè dín yín kù lójú wa. Àárò rẹ ń sọ wá gidigidi, a sì fẹ́ràn rẹ lónìí bí a ṣe fẹ́ràn rẹ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn.