Ẹ̀tọ́ Láti Pẹjọ́ Tí A Rà fún Bàbá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Kí Ọlọ́run máa fún yín ní oorun àsùngbádùn nínú ilé gogoro tí ẹ ń gbé yẹn, níbi tí ẹ ti ń sùn lórí ẹlòmíràn, tí ẹlòmíràn náà tún ń sùn lórí yín.

Ọ̀rọ̀ ínṣọ́ránsì ọkọ̀ bàbá rẹ ni mo fẹ́ fi tó ẹ létí, torí mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ẹ ń pè ní Màmá Onígíláàsì á ti pè ẹ́, á sì ti sọ ọ́ bó ṣe wù ú.

Ínṣọ́ránsì ti tẹ́lẹ̀ ló tán, la bá wọ aṣọ àwọ̀jáde, a lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ ní oríṣi méjì ló wà, ọ̀kan ń sanwó fún ẹni tí a bá kọlù nìkan, èkejì ń tún ọkọ̀ tiwa náà ṣe. Mo ní kí ló dé tí màá fi máa sanwó fún ẹni tí n kò tíì kọlù, tí kò tiẹ̀ tíì ra ọkọ̀ bóyá. Ó ní òfin ni. Bàbá rẹ ní ọkọ̀ tiwa ti gbó, kí wọ́n má wulẹ̀ da ara wọn láàmú lórí ẹ̀, ti ẹni tí a bá kọlù náà tó.

Ọmọ náà tún ní ṣé a fẹ́ di ẹ̀tọ́ wa láti pẹjọ́ mú, àbí a máa yọ̀ǹda ẹ̀ kí owó lè dín kù. Ó ní bí a bá yọ̀ǹda ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni sì kọlù wá, wọ́n á san owó ọsibítù, ṣùgbọ́n a ò ní lè pe onítọ̀hún lẹ́jọ́ nítorí ìrora, àfi bí ọgbẹ́ náà bá burú jáì. Bàbá rẹ nàró, ó ní òun ò pe èèyàn lẹ́jọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, kí wọ́n máa gbé e lọ.

Mo ní kí wọ́n dúró. Ṣé o mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí Màmá Onígíláàsì ti yá máṣíìnì ìránṣọ mi, tí kò dá a padà. Mo rò ó pé bí a bá fọwọ́ sí i pé a ò ní pẹjọ́ mọ́, máṣíìnì mi lọ nìyẹn. Mo bi ọmọ náà bóyá ẹ̀tọ́ yìí kan máṣíìnì. Ó ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan ni. Mo ní ọkọ̀ yìí náà la fi gbé máṣíìnì lọ. Ó wò mí títí, ó mu omi. Ó ní èyí tí bàbá rẹ bá mú máa de gbogbo ẹni tó wà nínú ilé, ni mo bá ní n kò ní dìde níbẹ̀. Bàbá rẹ san ti ẹlẹ́tọ̀ọ́ kíkún, ó fajú ro títí a fi délé.

Mo sọ fún Màmá Onígíláàsì lẹ́nu ọ̀nà pé ínṣọ́ránsì ti fún mi láṣẹ láti pe èèyàn lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ kejì, máṣíìnì ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó tiẹ̀ ti bá mi fi epo sí i.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkọ̀ búrẹ́dì forí sọ wá lẹ́yìn, níbi tí a ti dúró kí àwọn ọmọléèwé lè sọdá. Má fòyà, kò sí ohun tó ṣe èmi. Èjìká ọ̀tún bàbá rẹ ni. Dókítà ní egungun kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè fá pákó mọ́, ilẹ̀kùn tí ó ń kàn fún oníbàárà kan ṣì wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo pe ínṣọ́ránsì àwọn oníbúrẹ́dì. Obìnrin kan ní kí n tẹ oókan. Mo kí i, mo bèèrè àwọn ọmọ ẹ̀, kò dáhùn, ó tún ní kí n tẹ oókan. Mo gbà pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún un. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tó de táì wá sílé láti ọ̀dọ̀ wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní níwọ̀n ìgbà tí egungun kò ti ṣẹ́, kí bàbá rẹ gba nǹkan díẹ̀, kó fọwọ́ sí i, kí ó parí síbẹ̀. Bàbá rẹ ti mú báírò. Mo gba báírò lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní ti ẹlẹ́tọ̀ọ́ kíkún la rà. Ẹ̀rín náà kúrò lójú ẹ̀.

Lọ́dọ̀ lọ́yà tí mo mú un lọ bá, bàbá rẹ ní dẹ́rẹ́bà búrẹ́dì lọ́mọ kéékèèké, òun ò ní jẹ́ kí wọ́n tì í mọ́lé. Lọ́yà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, ní kò sí ẹni tó ń lọ sẹ́wọ̀n, ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì ló máa sanwó. Bàbá rẹ ní bí òun bá pàdé ilé iṣẹ́ náà lọ́nà ńkọ́, ojú wo lòun máa fi wò ó. Lọ́yà ní ilé iṣẹ́ kì í rìn lọ́nà. Ìgbà yẹn lọkàn ẹ̀ tó balẹ̀.

Lọ́yà wá ní kó sọ bí ìrora náà ṣe rí. O mọ bàbá rẹ, ìṣó wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ rí, omi ló kàn ní ká bun òun. Mo rò pé yóò ní kò sí nǹkan. Ó ní òun ò lè fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn, orí àga lòun ń jókòó sí kí n má baà jí. Ó ní òun máa ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ra, òun á fi ọwọ́ òsì mú ayùn, pákó á wọ́, ojú á sì ti òun. Abẹ́ òrùlé kan náà là ń gbé, n kò mọ̀. Lọ́yà ń kọ ọ́ sílẹ̀, èmi ń nu ojú.

Wọ́n ti gbà báyìí pé àwọn máa sanwó ìrora náà. Bàbá rẹ ní báwo ni wọ́n ṣe mọ iye tó jẹ́. Mo ní bóyá wọ́n ní òṣùwọ̀n.

Ìwọ náà tó ń wakọ̀, lọ bèèrè èwo lo fọwọ́ sí. Bó o bá ti yọ̀ǹda tìẹ, padà lọ gbà á. Kí owó tiwọn tó dé, fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ ká lè gba káfíńtà tó máa parí ilẹ̀kùn oníbàárà.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ẹ níwájú, kó fi ti ẹ̀yìn náà kún un, torí ẹ̀yìn ni wọ́n ti gbá wa. Bàbá rẹ dúró tì mí, ó ní kí n kọ ọ́ fún ẹ pé èjìká náà kò dun òun mọ́. Mo ti kọ ọ́ bó ṣe wí. Wá wò ó fúnra ẹ.

Èmi ni, ìyá rẹ.